Yíyẹ Inú Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Wò Kí A Tó Rà Á

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí ni ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn òbí ń rà fún ọmọ wọn tó wọ yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó kó èésú, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tigbà, n'Ìkẹjà. Wọ́n rí tòkunbọ̀ kan tí ara rẹ̀ ń dán. Òǹtajà tàn án, ó tàn, wọ́n sanwó. Ní alẹ́ ọjọ́ tí iná lọ, tí ọmọ ń parí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, kò pé wákàtí kan tí kọ̀ǹpútà fi kú. Iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ. Ara ni wọ́n wò, wọn kò wo inú.

Ohun kìíní tó wà nínú ni bátìrì. Bátìrì onílítíọ́ọ̀mù, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé sórí àtẹ ní ọdún 1991, ni ó wọ́pọ̀ nínú wọn. Bí a ti ń rọ iná sí i tí a sì ń lò ó ni agbára rẹ̀ ń dín kù, ooru sì ń mú kí ó tètè gbó. Bátìrì tó ní wáàtì-wákàtí 50 yóò gbé kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 10 fún wákàtí 5. Bí ó bá gbó tí ó ku 10 péré, wákàtí 1 ni yóò gbé e. Ara kọ̀ǹpútà kò ní yàtọ̀ rárá.

Èkejì ni sọ́fíwià tí a ti kó sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ olùrà. Òmíràn wúlò, òmíràn kàn ń jẹ iná bátìrì lábẹ́lẹ̀ ni. Òmíràn sì léwu. Ní 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Lenovo ta àwọn kọ̀ǹpútà tí sọ́fíwià Superfish wà nínú wọn. Ó ń ti ìpolówó ọjà bọ inú ohun tí ènìyàn ń wò, ó sì sọ ààbò àṣírí àwọn oníbàárà di ahẹrẹpẹ. Ní 2017, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀sùn kalẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti yanjú rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lójú yín. Bí ó bá jẹ́ oní-Windows, ẹ ní kí òǹtajà tẹ àṣẹ powercfg /batteryreport. Àbájáde rẹ̀ yóò fi agbára tí a ṣe mọ́ bátìrì hàn, àti èyí tó ṣẹ́kù. Bí ẹ bá délé, ẹ yọ sọ́fíwià tí ẹ kò bèèrè fún. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kí ó tún un tò.

Òkèèrè ni olójú jíńjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ̀yin òbí, ẹ yẹ inú wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.