Ta Ni “Àwa Ènìyàn” Inú Ìwé Òfin?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn Yorùbá olùgbé àti olùdìbò ojú ọ̀nà Warri sí Sapele



Bí ènìyàn bá wọkọ̀ láàárín ìlú Warri, tí ó gba Enerhen Junction dé Effurun, tí ó sì kọjú sí Sapele, ojú títì kan ṣoṣo ni yóò máa rí. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀, yóò ti gba ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin kọjá: Warri South, Uvwie, Okpe àti Sapele. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní apá Warri South ń dìbò yan sẹ́nétọ̀ Gúúsù Delta. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ wọ Uvwie, sẹ́nétọ̀ Àárín Gbùngbùn Delta ni tirẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún lójú ọ̀nà yìí kò mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì. Wọn a máa ní àlejò ni àwọn, kí onílé ṣe ìlú rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin wí? Kí ìdáhùn tó lè yé ni, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ilé tí a ti yá ìwé òfin náà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1776, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá tí ó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹta, fohùn ṣọ̀kan lórí Ìkéde Òmìnira tí Thomas Jefferson kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn wọn kò lọ́jú pọ̀: ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ń bu owó orí lé wọn, wọn kò sì ní aṣojú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀sùn náà kà jinlẹ̀ ju owó orí lọ. Wọ́n ní kì í ṣe Ọlọ́run ni ó fi ìjọba lé ọba lọ́wọ́ tààrà, àwọn tí à ń ṣàkóso ni ó fún un ní agbára, bí ó bá sì da májẹ̀mú, wọ́n lè gbà á padà. John Locke, ará Ìlú Ọba, ti kọ irú èyí sínú ìwé ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ṣáájú.

Kò yẹ kí èrò yìí ṣe Yorùbá ní kàyéfì. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin ni ó ń jọba, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́mèsì ni ó ń fi í jẹ, àwọn náà ni wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ bí ó bá ṣi agbára lò. Àwọn Ògbóni wà tí ó ń ṣọ́ Ọ̀yọ́mèsì. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí Gáà Basọ̀run fi ẹ̀tọ́ ìkọ̀ yẹn dà: ó pa ọba lé ọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká ìgbèríko, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó wọ ààfin. Ọdún 1774 ni àwọn òpìtàn sábà máa ń pè ní ọdún tí apá Aláàfin Abíọ́dún ká a, ọdún méjì péré kí Amẹ́ríkà tó kéde òmìnira. Àìsí ohun tí yóò káwọ́ ọba kọ́ ni ó ba Ọ̀yọ́ jẹ́. Ohun tí ń káwọ́ ọba gan-an ni ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí kò sí ẹni tí ó lè ká tirẹ̀.

Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ó kó àwọn aṣojú 55 jọ sí Philadelphia ní ọdún 1787. Ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ lákòókò ogun kò lágbára láti gba owó orí, kò rí owó san fún àwọn jagunjagun tí ó jà fún un, àwọn àgbẹ̀ Massachusetts sì ti gbé ìbọn nítorí gbèsè. Wọ́n fẹ́ ìjọba tí ó lágbára, wọ́n sì ń bẹ̀rù ìjọba tí ó lágbára. Ọgbọ́n tí wọ́n dá, tí púpọ̀ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Montesquieu ará Faransé wá, ni pé wọ́n pín agbára sí mẹ́ta, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan di èkejì mú ní aṣọ. Aṣòfin ń ṣe òfin, Ààrẹ lè kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè borí ìkọ̀ Ààrẹ. Ààrẹ ń yan adájọ́, ilé sẹ́nétọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá ti jókòó tán, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè yọ ọ́ nítorí pé ẹjọ́ tí ó dá kò dùn mọ́ ọn. Àwọn 39 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn olùdìbò jù. Wọn kò sọ ìwé náà di òfin lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e lọ bá àwọn ènìyàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan aṣojú sí àpérò kan fún un, ó sì di dandan kí mẹ́sàn-án gbà kí ó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay kọ àpilẹ̀kọ 85 sínú àwọn ìwé ìròyìn New York láti gbè é lẹ́yìn. Àwọn alátakò náà kọ tiwọn, wọ́n ní ibo ni ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù wà nínú rẹ̀. Bébà lásán ni, irú èyí tí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi ya. New Hampshire ni ó ṣe ìkẹsàn-án ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1788. Àwọn alátakò pàdánù, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò pàdánù: ní 1791 ni àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí ó dá ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀sìn àti ìgbẹ́jọ́ sí, wọ inú ìwé òfin. Ẹni tí ó dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó bí apá tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nàìjíríà yá ilé yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1975, ìjọba Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti kọ ìwé òfin tuntun, Olóyè Rótìmí Williams ni alága. Àádọ́ta ni wọ́n pè, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀, ó ku 49. Àwọn ni wọ́n fi ètò Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n mú ti Amẹ́ríkà: Ààrẹ kan, ilé aṣòfin méjì, mínísítà tí kì í jókòó láàárín aṣòfin. Àpérò tí Adájọ́ Udo Udoma darí yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ológun tún fi ọwọ́ ara wọn yí àwọn ibì kan padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Ti 1999 ni ó tún gba kàyéfì jù. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Niki Tobi gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn fún ìgbà díẹ̀ ní 1998. Wọ́n dìbò yan Ààrẹ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1999. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ni Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tó buwọ́ lu Decree 24 tí ó bí ìwé òfin náà. Olùdìbò ti yan awakọ̀ kí ó tó rí ọkọ̀. Síbẹ̀, “Àwa ènìyàn” ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ti Philadelphia.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bi ará ìlú léèrè ní tòótọ́ kí wọ́n tó dá ìpín ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ilẹ̀ tí a wà yìí gan-an ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Títí di 1963, abẹ́ Ìbàdàn ni Warri wà, nínú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún náà ni àwọn olùdìbò Benin àti Delta jáde láti sọ bóyá wọ́n fẹ́ ìjọba tiwọn. Òfin ní kí ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò gbà. Wọ́n gbà, ó sì lé. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, láti méjìlá ti 1967 títí kan Delta fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, àṣẹ ológun ni ó dá wọn.

Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún kan náà ní ìtàn mìíràn ní Amẹ́ríkà, tí kò ṣeé fi yangàn. Nígbà tí wọ́n ń ka iye ènìyàn láti pín àga aṣòfin, ẹrú márùn-ún ni wọ́n kà sí ènìyàn mẹ́ta, ẹrú náà kò sì dìbò. Àwọn obìnrin gbogbo kò sí nínú “Àwa ènìyàn” yẹn. Àtúnṣe tí ó fi ìdìbò lé wọn lọ́wọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà kò dé títí di 1920. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n kọ àtúnṣe kẹrìnlá, ní 1868. Ó ní ẹni tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ó sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tí ó bá ń gbé. Ibi tí ó ń gbé, kì í ṣe ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá.

Gbólóhùn yẹn ni kò bá ẹrù tí a yá dé Nàìjíríà. Ìwé òfin 1999, ní abala 318, sọ pé ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ti ìran tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Abala 147 sì ní láti inú irú wọn ni Ààrẹ yóò ti yan mínísítà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Warri, tí ó kàwé ní Warri, tí ó ń sọ èdè ibẹ̀ bí omi, kì í ṣe ọmọ Delta lójú òfin yìí. (Kò sí ohun tí ó kan òfin pé èdè Itsekiri àti Yorùbá jẹ́ ìbátan.) Abala 15 sọ pé kí ìjọba rí i dájú pé olùgbé ní ẹ̀tọ́ kíkún níbikíbi, ṣùgbọ́n orí kejì ni ó wà, orí tí a kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ibi tí òfin ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ibi tí ó ṣí i ni èyí: abala 77 àti 117 kò béèrè ìran rárá. Ọmọ Nàìjíríà tí ó pé ọdún 18, tí ó ń gbé ní Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Abala 106 kò béèrè ìran lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọ ilé aṣòfin Asaba: kí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó pé ọdún 25, kí ó kàwé dé ìwọ̀n ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀. Abala 42 sì dá ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà lẹ́kun. Àlejò tí ó bá jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò, òun ni ó sọ ara rẹ̀ di àlejò lọ́jọ́ náà.

Ó yẹ kí á sọ tòótọ́ nípa àwọn onílé. Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ti ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ ní Warri, ní 1997 àti 2003, lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ àti wọ́ọ̀dù yóò wà. Ẹ̀yà tí kò pọ̀ ń bẹ̀rù pé kí ìdìbò àwọn tí ó wá gbé má gba ilẹ̀ bàbá òun. Yorùbá mọ ìbẹ̀rù náà. Irú rẹ̀ ni a gbọ́ ní Èkó nígbà ìdìbò gómìnà ní oṣù Kẹta ọdún 2023, tí wọ́n lé àwọn olùdìbò kan kúrò ní ibùdó nítorí ẹ̀yà tí ojú àti orúkọ wọn jọ. Yorùbá tí ó bá ka ìyẹn sí ohun rere ní Èkó kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ní Warri.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé olùdìbò ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlá lè béèrè lọ́wọ́ INEC pé kí wọ́n gbé e wá sí ibùdó tí ó súnmọ́ ilé rẹ̀ níhìn-ín, kí gbèdéke tí àjọ náà bá kéde tó kọjá. Kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá Warri South ni ilé rẹ̀ bọ́ sí tàbí Uvwie, nítorí àwọn olùdíje sẹ́nétọ̀ tí yóò yàn láàárín wọn kò ní jẹ́ ọ̀kan náà.