Ọ̀rẹ́ Méje ní Ìbàdàn, àti Àwa Márùn-ún

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa)

Akọ̀wé ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn. Èmi yóò gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ni mí.

Ohun tí ó gbé mi dìde ni àbá tí ó wà níwájú ilé yìí, pé ọmọ tí ó bá ń gba owó ìrànwọ́ wa ní yunifásítì kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ èyíkéyìí tí ó bá níbẹ̀. Mo mọ ibi tí àbá náà ti wá. Ta ni ó gbàgbé òru ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1999, ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, tí wọ́n sì pa márùn-ún nínú wọn, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn? Ìyá tí ó bá gbọ́ irú èyí kò ní í fẹ́ kí ọmọ òun dárúkọ ẹgbẹ́ mọ́ láéláé. Síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a wo ìdí igi náà kí a tó gbé àáké.

Ìdí igi náà wà ní Ìbàdàn, ní ọdún 1952. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 lábẹ́ Yunifásítì London, ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ̀ pé bí àwọn bá ti jáde, àga òyìnbó ni àwọn yóò jókòó sí. Nítorí náà àwọn kan ti ń ṣe bí òyìnbó kí wọ́n tó di ọ̀gá: kóòtù àti táì nínú oòrùn ọ̀sán, Gẹ̀ẹ́sì tí a ń ti imú sọ, àti ìgbéraga sí ẹni tí kò ní irú rẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Òṣèlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ènìyàn sí ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ìbò ọdún 1951 ní Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ariwo rẹ̀ kò sì tíì rọlẹ̀.

Inú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ méje ti dìde. Wọlé Ṣóyínká ni ayé mọ̀ jù nínú wọn, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Àwọn yòókù ni Olúmúyìwá Awẹ́, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì; Ralph Opara, tí àwọn ènìyàn wá mọ ohùn rẹ̀ lórí rédíò; Ikpehare Aig-Imoukhuede, Pius Oleghe, Nathaniel Oyèlọ́lá àti Sylvanus Egbuche. Ẹ tún àwọn orúkọ náà gbọ́. Yorùbá mẹ́ta, ọmọ ẹ̀yà mìíràn mẹ́rin. Àwọn àgbà ń bá ara wọn jà nítorí ẹ̀yà, àwọn ọmọ yìí sì ń dá ẹgbẹ́ pọ̀.

Wọ́n pe ara wọn ní ajalèlókun, èyí tí wọ́n kọ ní Pyrates. Orúkọ yìí ti bu ọ̀pọ̀ ìwà rere wọn jẹ lójú àwọn tí kò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Eré ni wọ́n fi í ṣe: wọ́n fi oyè inú ọkọ̀ ojú omi jẹ ara wọn, bí ó ti rí nínú ìwé ìtàn tí ọmọdékùnrin ń kà, kí wọ́n lè fi àwọn tí ń ṣe bí òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lábẹ́ eré náà, ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá àṣà tí ó ti kú tí a kò tíì sin jà, wọ́n sì kọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn nìkan ni irú wọn. Ní ọdún 1972 àwọn kan ya lọ dá tiwọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń bí ẹgbẹ́, tí ìjà sì wọ̀ ọ́, tí ìbọn dé. Àwọn Pyrates fúnra wọn kó ẹ̀ka wọn kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1984. Ìjọba ológun ṣe òfin lòdì sí ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ọdún 1989. Ọdún kẹwàá òfin náà ni ti Ilé-Ifẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Báwo ni ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀? N kò ní í lọ jìnnà wá ìdáhùn, nítorí pé èmi náà ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ rí.

Ní ọdún 1988, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo lọ, àwa márùn-ún ni ọ̀rẹ́. A jọ ń ra epo àtùpà, a jọ ń kàwé. Nígbà tí owó ìdánwò ẹnì kan nínú wa kò pé, òmíràn ta bàtà rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá parí síbẹ̀ ni, ǹ bá máa yangàn níwájú yín lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn fẹ́ wọlé, àwa sì ní a kò lè gba ènìyàn lásán. A gbé ìpàdé lọ sí etí odò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná. A búra pé ohun tí ojú bá rí, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ọmọ opó kan wà tí ó fẹ́ràn wa púpọ̀. Lóru ọ̀yẹ́, a dá a dúró sínú omi títí ó fi ń gbọ̀n. Òtútù àyà mú un. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé bi wá léèrè, àwa márùn-ún pa ẹnu mọ́ nítorí ìbúra wa. Ìyá rẹ̀ wá gbé e lọ sí ilé. Ó yè, ṣùgbọ́n kò padà sí ilé-ìwé mọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà.

Kò sí ẹni burúkú nínú wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Mo lè búra èyí. Ìgbà tí a kó kúrò ní ojú ìmọ́lẹ̀ ni ó bàjẹ́.

Nítorí náà, Alága, mo bẹ̀ yín kí a má ṣe dá àwọn ọmọ wa lẹ́kun ẹgbẹ́ dídá. Ọmọ tí ó dé yunifásítì láìní ọ̀rẹ́ kan ni ọdẹ àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ń wá. Ẹ jẹ́ kí a bi í bí ó bá ń ṣe ìpàdé lọ́sàn-án, kí a sì bi í bí ẹni tí ó fẹ́ kúrò bá lè kúrò láìsí ìyà. Kí ẹgbẹ́ wa sì dá ẹ̀ka tiwa sílẹ̀ fún wọn ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ọmọ ìlú bá ti pé mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, mo rò pé ẹ lè ran ẹ̀ka wọ̀nyí lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé kíkà. Fífi owó ránṣẹ́ nìkan kò tó.

Ìwé àkọsílẹ̀ àwa márùn-ún nìyí lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Owó epo àtùpà wà nínú rẹ̀, owó bàtà wà nínú rẹ̀. Ojú ewé òru ọjọ́ náà ṣófo, nítorí n kò lè kọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé, kí ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ kà á lọ bá a.