Ìtọ̀ tí ń jò: ta ni fífún iṣan ìdí lè wò sàn?

Ọ̀rọ̀ tí à ń fi aṣọ bò ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Obìnrin wúkọ́, ìtọ̀ jò sí aṣọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó jò. Ó gbé igbá àgbàdo, ó tún jò. Nítorí èyí, kò jókòó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà mọ́. Àwọn kan á ní bí ọmọ bíbí ti rí nìyẹn. Rárá o. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Iṣan kan wà nísàlẹ̀ ara wa, ó tẹ́ bí ẹní, òun ni ó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ dúró. Oyún àti ìrọbí a máa mú un dẹ̀. Ní ọdún 1948, dókítà Arnold Kegel ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé bí obìnrin bá ń fún iṣan yìí léraléra, yóò tún le.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ṣe é ni ó ń rí ìwòsàn. Kí ló fà á? Ẹ má sọ pé ọjọ́ orí ni. Ìyá àgbà náà lè rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fún iṣan náà gan-an ni yóò jèrè. Ọ̀pọ̀ ń fún ikùn tàbí itan. Àwọn mìíràn ń tì sísàlẹ̀ bí ẹni tí ń rọbí, èyí kò dára rárá. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ kí isó jáde lójú àwọn àna rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn! Ẹ fà á sókè, ẹ ka ení dé àrún, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ sì máa mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nígbà kan, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tí ó ṣíwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì dán an wò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí fi ọwọ́ yẹ̀ yín wò, òun ni yóò mọ̀ bóyá iṣan náà ń dáhùn.

Bí ìtọ̀ bá ń dà tọ̀sán-tòru láìdúró, pàápàá lẹ́yìn ìrọbí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé ihò ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Fífún iṣan kò lè dí ihò ńlá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni. Ilé ìwòsàn Saint Jean de Dieu ní Tanguiéta, ní àríwá ilẹ̀ Benin, a máa ṣe é. Ọ̀nà jìn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bá agbẹ̀bí yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.