Bí A Ṣe Ń Mutí àti Bí A Ṣe Ń Fara Pa
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ ní kí àwa ìgbìmọ̀ ìlera sọ̀rọ̀ ṣókí kí a tó dé Item 7, a sì mọ̀ pé ojú àwọn kan ti wà lára kúlà. Ẹ fọkàn balẹ̀, a ò wá gba ìgò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí wà nínú wa, ẹni tó ń mu ún náà wà nínú wa. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa jọ ń tọ̀ lọ sílé.

Bí wọ́n bá ní ọtí ń ṣeni léṣe, ọkàn wa a máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀mùtí tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ alápáràgà. Àìsàn ni tirẹ̀, ó sì yẹ ká ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irú wọn kò pọ̀. Àwa tí a kì í mu ní Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, tí a wá ń mu ìgò márùn-ún ní Sátidé nítorí pé òde wà, àwa la pọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fara pa nídìí ọtí kì í fi í ṣe ọ̀mùtí rárá.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹnì kan mu ìgò bíà méje lọ́sẹ̀ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Ẹnì kejì mu méje tirẹ̀ lálẹ́ Sátidé kan ṣoṣo. Iye kan náà ni wọ́n mu, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ló súnmọ́ ìjàǹbá jù. A ò sọ pé ti ẹni àkọ́kọ́ kò léwu o. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní í pa ìlera lára. Ohun tí à ń sọ ni pé ní ti ìfarapa, iye tí èèyàn mu ní ìjókòó kan ló ṣe pàtàkì jù.

Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 èèyàn ló kú nípasẹ̀ ọtí káàkiri ayé. Nínú wọn, ìfarapa ló pa nǹkan bí 724,000: ìjàǹbá ọkọ̀, ìjà, pípa ara ẹni àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ọtí lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìṣẹ́jú kan tó o láti ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Làákàyè ni ọtí kọ́kọ́ ń mú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti mu ìgò mẹ́ta fi ń búra pé ojú òun dá ṣáká. Ẹsẹ̀ á ti máa pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ìdúró kò sì ní í gún mọ́.

Ìgò bíà ńlá kan, 60 cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ojúlówó ọtí nínú. Ẹ̀dọ̀ kì í sábà lè pa ju nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 10 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó mu mẹ́rin, ọtí lè wà lára rẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bó bá jí ní aago mẹ́fà tó ní òun ń wakọ̀ padà sí Èkó, òun àtọtí ni wọ́n jọ ń lọ. Kọfí, omi tútù, epo pupa, wọ́n lè lani lójú, wọn ò lè mú ẹ̀dọ̀ yára. Oúnjẹ tí a jẹ ṣáájú ló ń jẹ́ kí ọtí rọra wọlé.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ orí wa náà. Omi ara ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà, ìgò kan náà á wá máa wọni lára ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó ń lo oògùn oorun, oògùn ìrora líle, tàbí Piriton pàápàá, kó má fi ọtí kún un.

Kì í sì í ṣe ọkọ̀ nìkan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá títì, ẹni tó já sí gọ́tà, ẹni tó yọ̀ ní balùwẹ̀, ẹni tó ń da pẹtiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ tó gbóná, gbogbo wọn ni. Bí ẹni tó mutí bá ṣubú tó forí gbá, ẹ má ṣe ní "ọtí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó sùn." Oorun yẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú orí. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun, ẹ sì tètè wá dókítà. Nọ́mbà pàjáwìrì ni 112. Ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Ohun mẹ́rin la fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ láti òní:

Oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ gbé síta, ọtí lẹ́yìn rẹ̀.
Kí omi wà lórí gbogbo tábìlì.
Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹni tó ní ó tó ṣe yẹ̀yẹ́.
Kí a yọ kíréètì bíà díẹ̀ kúrò nínú ìnáwó òde kọ̀ọ̀kan, ká fi owó rẹ̀ gba dírébà tí kò mutí.

Ọdún mẹ́wàá la ti fi ń dá owó nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣọ̀fọ̀. Owó dírébà kò tó owó òkú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí a ṣe pé lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe pé ní ogún ọdún.