Olùkọ́, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Fóònù



Àwọn baba wa a máa pàrokò ránṣẹ́ síra wọn. Àrokò tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí, a kò tíì rán an.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé Nàìjíríà pa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ wọn jọ sórí WhatsApp. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ kì í jẹ dátà tó fídíò. Akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gbọ́ ọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sí fóònù nílé wọn ńkọ́? Ọ̀lẹ kọ́ ni. Ọ̀nà ni kò já dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ó tún kọ ọ́ sójú pátákó. Ìwọ tí o ní fóònù, dà á kọ fún ẹnìkejì rẹ.

Ìwà ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́, kí olùkọ́ rẹ kí o tó béèrè. Má ṣe pè é lóru. Olùkọ́, má ṣe bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ojú gbogbo kíláàsì ni kí o ti dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́hun ṣe ìmọ̀ wa ní oore. Àmín.