Ta Ló Tún Mọ Ọjọ́ Nǹkan Oṣù Yín?

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi áàpù orí fóònù ṣọ́ nǹkan oṣù wọn báyìí. Ẹ ó tẹ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí i, á sì sọ ìgbà tí òmíràn ń bọ̀ fún yín.

Ibo ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbà lọ? Ẹ jẹ́ ká wo Flo, ọ̀kan lára irú áàpù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì 2019, ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú u fó pé bí obìnrin bá ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé òun ń wá oyún, Facebook náà ń gbọ́. Àwọn tó ṣe áàpù náà ló fi irinṣẹ́ Facebook sínú rẹ̀, òun ló sì ń kó ọ̀rọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí pé àṣírí ò ní tú! Lọ́dún 2021, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà bá wọn parí ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà: kí wọ́n máa gbàṣẹ kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ ìlera ẹnikẹ́ni ránṣẹ́. FTC ò bu owó ìtanràn kankan fún wọn. Lójú tèmi, ìyẹn kéré.

Òfin HIPAA ti Amẹ́ríkà, tó de dókítà àti ọsibítù lẹ́nu kí wọ́n má tú àṣírí aláìsàn, kì í sábà ká irú áàpù yìí mọ́. Láti oṣù Kẹfà 2022 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti fagi lé ìdájọ́ Roe tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́, tí oyún ṣíṣẹ́ di èèwọ̀ láwọn ìpínlẹ̀ bíi Texas, àkọsílẹ̀ yìí lè di ẹ̀rí nílé ẹjọ́.

Àwọn áàpù kan wà, bíi drip, tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sórí fóònù nìkan. Bí ẹ bá sì yọ áàpù kúrò lórí fóònù, ohun tó ti dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n pa á rẹ́.