Ìgbakọ Lọ́wọ́ Onímọ̀ Oúnjẹ

(Orin àpàlà díẹ̀, kí ó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

Àwọn baba wa ni wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gboyè nínú ìmọ̀ oúnjẹ aláìsàn, tí ó wá ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá, irú UCH tí a ṣí ní Ìbàdàn ní 1957, yóò rí i, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rán an lọ sí ilé ìdáná, pé ètò yẹn lè dojú rú. Ẹ̀kọ mímu tí à ń fojú tín-ínrín ni ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún máa ń kọ́kọ́ rí gbé mì, nígbà tí iyán, ọba òkèlè, ń gorí òṣùwọ̀n kí ó tó dé iwájú alátọ̀gbẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ràn iṣẹ́ ilé ìdáná tí a rán wọn yìí. Wọ́ọ̀dù ni ojú wọn wà, níbi tí a ti ń wọ ẹ̀wù funfun. Wọ́n a sì máa ráhùn pé, ṣé ọbẹ̀ ni àwọn lọ kọ́ ní yunifásítì? Ẹni tí ó bá gbọ́n nínú wọn yóò kúnlẹ̀ kí àgbà alásè, yóò ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o,” kí ó tó béèrè ibi tí òṣùwọ̀n wà, nítorí ìwé kò kọ́ni ní ìdí ààrò tí iná rẹ̀ ń yára jó.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkọ̀ iṣu ti dé. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà ni yóò dúró ti òṣùwọ̀n, tí yóò wo ẹja bóyá ojú rẹ̀ ṣì ń dán, tí yóò fi ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ wá wé ohun tí ó wà nínú abọ́, kí oúnjẹ oníyọ̀ má baà ṣìnà dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà 5 kalẹ̀ ní 2001; lára ohun tí wọ́n sọ ni pé oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ ju 60 lọ lórí tẹmómítà Celsius, ti tútù kò gbọdọ̀ ju 5 lọ, èyí tí a sè kò sì gbọdọ̀ wà ní gbangba ju wákàtí 2 lọ. Bí kòkòrò ṣe ń bí sí i láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ kíláàsì nìyẹn; ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀, nítorí ìtàn kan ń yún mi lọ́nà ọ̀fun.

Ní 1855, nígbà ogun Crimea, Alexis Soyer, ọmọ Faransé tí ó di gbajúgbajà alásè ní Lọ́ńdọ̀nù, yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ sí Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí nọ́ọ̀sì Florence Nightingale ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ó bá nílé ìdáná? Ẹran tí wọ́n fi okùn so pọ̀ gbagidi, tí wọ́n jù sínú omi, tí oníkálùkù sì fi àmì sí tirẹ̀: bọ́tìnnì, àkísà pupa, àní sísọ́ọ̀sì! Òde rẹ̀ a jinná, inú rẹ̀ a wà ní tútù. Omi ẹran náà, wọ́n a dà á nù. Ẹ gbọ́ ná, omi ẹran! Ìyálé ilé wo ní Ìjẹ̀bú ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní figbe ta? Soyer ní kí wọ́n tú okùn, kí wọ́n fi èròjà sí i, kí wọ́n sì bu omi rẹ̀ fún aláìsàn. Ààrò tí ó ṣe, tí kì í jẹ igi púpọ̀, wà lọ́wọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ. Alásè ni ọkùnrin yìí, kì í ṣe dókítà.

Háà, ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ti na ìka sókè; ọ̀rọ̀ ìnáwó sítọ́ọ̀ tí mo fẹ́ fà yọ kò ní lè wọlé mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn ní ilé ìwòsàn: kí ẹ tó gbé kúlà oúnjẹ wọ wọ́ọ̀dù, ẹ wá onímọ̀ oúnjẹ ibẹ̀ lọ, ẹ ṣí ìdérí níwájú rẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè bóyá ẹni yín lè jẹ ẹ́.

(Orin sókè.)